Àwọn Tó Ń Ṣe Fídíò Sórí Ayélujára àti Agbo Tí A Fi Sí Ìkáwọ́ Wa

Ìwàásù ọjọ́ Àìkú nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa kì í ju wákàtí kan lọ. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ àti ìpàdé àdúrà kún un, wákàtí tí ọmọ ìjọ kan fi ń gbọ́ ohùn olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ta ní ń bá a sọ̀rọ̀ ní àwọn wákàtí yòókù? Ẹni tó bá dúró díẹ̀ ní gáréèjì Ore, lójú ọ̀nà Èkó sí Benin, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ìdáhùn náà. Awakọ̀ tó ń retí kí ọkọ̀ òun kún, ìyá tó ń ta búrẹ́dì, ọlọ́kadà tó fẹ̀yìn ti igi, fóònù ni gbogbo wọn dojú kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ní Omífunfun àti àwọn abúlé oko mìíràn ní Odígbó, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í dúró sójú kan, àwọn ọ̀dọ́ a máa kó fídíò sínú mẹ́mọ́rì káàdì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé Ore, wọn a sì jọ máa wò ó lálẹ́ títí bátìrì yóò fi kú.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń retí ìfàmì-òróró-yàn àti ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. A fẹ́ ṣàlàyé àwọn tó ń ṣe fídíò wọ̀nyí, irú ohun tí wọ́n ń ṣe, bí iṣẹ́ náà ṣe ń bọ́ wọn, àti ohun tó ti yí padà nínú iṣẹ́ tiwa nítorí wọn. A kò kọ ọ́ láti fi wọ́n bú, a kò sì kọ ọ́ láti polówó wọn. Olùṣọ́-àgùntàn tó fẹ́ lé ẹranko jáde nínú agbo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kìnnìún ni tàbí ajá aládùúgbò.

Inú ilé wa ni wọ́n ti jáde

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní ẹni ayé lórí YouTube kì í ṣe àjèjì sí wa. Debo Adedayo, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Mr Macaroni, kẹ́kọ̀ọ́ ní Redeemer's University, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ Ìràpadà dá sílẹ̀. Isaac Olayiwola, tí wọ́n ń pè ní Layi Wasabi, kọ́ ìmọ̀ òfin ní Bowen University, Ìwó, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ọ̀nà àbáwọlé ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣòro fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí láti rántí. Owó ìdámẹ́wàá àti ọrẹ wa ló kọ́ díẹ̀ nínú àwọn kíláàsì tí wọ́n jókòó sí.

Èyí kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń rí. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúndé, tó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré kan jáde nípa Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, kí ìjọ náà lè rí owó fi kọ́lé. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn eré náà tó bẹ́ẹ̀ tí Ògúndé fi fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945, tó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́. Inú owó ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹgbẹ́ eré alárìnká ti òde òní ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ Dúró Ládiípọ̀ ni ó yẹ kí a ronú sí jù. Ní 1961, ó gbé orin Àjíǹde tí ó kọ fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ ìlù yẹn rárá. Ládiípọ̀ gbé ìlù rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi máa di 1962, Mbárí Mbáyọ̀ ti dúró, kò sì pẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n nítorí eré tó ṣe nípa Ṣàngó. A kò lè sọ pé ìlù nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Ọkàn ènìyàn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ orin Àjíǹde fún wa lédè wa ni a jẹ́ kó bá ẹnu ọ̀nà jáde, lórí ọ̀rọ̀ ìlù tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Pẹ́ńtíkọ́sì ń lù lónìí láìsí ẹni tó ń bi wọ́n.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Mike Bamiloye dá Mount Zion Faith Ministries sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ wo Agbára Ńlá nígbà èwe yín, àwọn mìíràn nínú yín kò sì lè dá lọ sílé ìtọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ yìí fi hàn pé olùṣeré lè jẹ́ ajíhìnrere tòótọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kan: bí a bá bi ọmọ ìjọ wa léèrè bí ẹ̀mí èṣù ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí yóò sọ sábà máa ń jọ fíìmù ju Éfésù orí kẹfà lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi Bamiloye. Fíìmù sọ̀rọ̀ níbi tí pẹpẹ ìwàásù kò ti ṣàlàyé tó, àwòrán sì ń pẹ́ lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Lónìí, orí YouTube ni Mount Zion ń gbé fíìmù rẹ̀ sí, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun yòókù tó wà níbẹ̀.

Irú fídíò tí wọ́n ń ṣe

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni àwàdà kúkúrú tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní skit. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó lè tó mẹ́wàá. Mark Angel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt, pẹ̀lú ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Emmanuella, ni ìkànnì àwàdà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ní mílíọ̀nù kan olùtẹ̀lé lórí YouTube, ní 2017. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti di ohun tí ọmọ lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe, tí bàbá kò sì ní rò pé orí ọmọ ti dàrú.

Maryam Apaokagi, tí wọ́n mọ̀ sí Taaooma, nìkan ló máa ń ṣe ìyá, tó máa ń ṣe ọmọ, tó sì tún máa ń ṣe bàbá nínú fídíò kan náà. Ìyá tó ń ṣe yẹn, a mọ̀ ọ́n. Ó lè wà ní yàrá ìdáná, kó ju bàtà, kí bàtà sì bá ọmọ ní pálọ̀. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé inú ilé yẹn ni a ti dàgbà. A rò pé olùṣọ́-àgùntàn tó ń gba tọkọtaya àti òbí nímọ̀ràn lè jèrè púpọ̀ nínú irú fídíò yìí, nítorí pé ẹnu àwọn ọmọ ló ń sọ, ojú àwọn ọmọ ni a sì fi ń wo ìyá. Ọmọ tí kò lè sọ ọ́ níwájú wa lọ́fíìsì ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, ó sì kọ sí i pé, "Ìyá mi nìyí."

Ti Mr Macaroni le díẹ̀. Àgbà ọlọ́rọ̀ tó ń sá tẹ̀lé ọmọbìnrin kékeré ni ó ń ṣe, tí ìyàwó rẹ̀ sì máa ń ká a mọ́. Àwọn kan nínú wa sọ pé ó ń kọ́ni ní ìṣekúṣe. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn àgbà oníṣekúṣe ni ó ń dójú tì. Lójú tiwa, méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀, ọjọ́ orí ẹni tó ń wò ó ló sì ń pinnu rẹ̀. Àgbàlagbà rí ìtìjú tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14 mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ sílé ìwé, ó fi ìtìjú sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé Adedayo kan náà wà lára àwọn tí ọlọ́pàá mú ní ẹnu ibodè Lẹ́kí ní oṣù Kejì 2021, níbi tí wọ́n ti ń fẹ̀hónú hàn. Láti ìgbà náà, bí ó bá sọ̀rọ̀ lórí ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àgbà. Aláwàdà ti di ẹni tí ń gbani nímọ̀ràn, ipò yẹn sì ni a rò pé àwa nìkan ló ni ín.

Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ tún wà. Sisi Yemmie ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, Fisayo Fosudo ń ṣàyẹ̀wò fóònù àti ẹ̀rọ, Tayo Aina ń rìnrìn àjò, ó sì ń fi ilẹ̀ Áfíríkà han àwọn ènìyàn. Irú àwọn wọ̀nyí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọ̀run, ẹ jẹ́ kí a kọjá.

Fíìmù Yorùbá gígùn kún orí YouTube fọ́fọ́. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982, tí àwọn olè dà á kọ tà káàkiri, tí ó sì jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Lónìí, àwọn tó ni fíìmù fúnra wọn ló ń gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìpolówó ọjà sì ń san owó fún wọn. Ohun tí à ń bá níbẹ̀ kò ṣàì mọ́ wa lójú: oògùn owó, ìyá ọkọ àjẹ́, ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ ní ilé ìwòsàn. A kò rí i pé wíwò wọ́n jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń kó ìdààmú bá wa ni ìyá kan tó ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì wá láti abúlé lọ́jọ́ kejì.

Èyí tí a kò lè gbè lẹ́yìn ni àwọn tó ń dẹ́rù ba ènìyàn lójú títì nítorí ẹ̀rín, àti àwọn tó ń fún tálákà lówó pẹ̀lú kámẹ́rà lójú rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń sunkún lórí 20,000 náírà kò mọ̀ pé ẹkún òun ni wọ́n ń tà. Mátíù 6:1-4 ti sọ gbogbo ohun tó yẹ ká sọ nípa ìyẹn. Kí àwa náà tó ń ya àwòrán àpò ìrẹsì tí a pín fún àwọn opó tún lọ kà á.

Àdúrà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà 2017, Nathaniel Bassey bẹ̀rẹ̀ Hallelujah Challenge lórí Instagram, láti agogo 12 òru sí agogo kan. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, Jerry Eze ti ìjọ Streams of Joy bẹ̀rẹ̀ NSPPD lórí YouTube ní agogo méje àárọ̀. Títí di òní, àwọn ọlọ́jà ń gbọ́ ọ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn kan máa ń bínú sí èyí, wọn kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ síta. Ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ ọ́: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọrẹ yóò bá àdúrà lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, ọmọ ìjọ tó jí gbàdúrà ní agogo méje kò sọnù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn ní Omífunfun lóru, tí kò sí ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó wà nínú fóònù ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn tó bá kan ilẹ̀kùn yẹn kò ní bá YouTube du àgùntàn.

Wòlíì inú àwàdà

Ọ̀rọ̀ tó ń bí àwọn òṣìṣẹ́ Ọlọ́run nínú jù lọ ni ti àwọn aláwàdà tó ń ṣe bí wòlíì. Ayo Ajewole, tí wọ́n ń pè ní Woli Agba, ní ọmọ ẹ̀yìn kan tó ń jẹ́ Dele. Oluwatoyin Bayegun, tó jáde ní yunifásítì Obafemi Awolowo, ni Woli Arole. Aṣọ, ohùn, ìró, bí wọ́n ṣe ń mi orí kí ìran tó dé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe pé ó ti jókòó pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣé ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́ ni èyí? Àwọn kan ti wàásù bẹ́ẹ̀. A ní láti wo Ìwé Mímọ́ dáadáa kí a tó sọ irú gbólóhùn wíwúwo bẹ́ẹ̀. Èlíjà fi àwọn wòlíì Báálì ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, 1 Àwọn Ọba 18:27. Ẹlòmíràn yóò dáhùn pé wòlíì òrìṣà ni wọ́n. Ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ sí Nọ́ḿbà 22. Bálámù ń lọ síbi tí wọ́n ti ṣèlérí owó fún un, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ rí áńgẹ́lì, òun tí wọ́n ń pè ní aríran kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rín wà nínú ìtàn yẹn, Ẹ̀mí Mímọ́ ló sì mí sí i. Ẹ tún lọ sí 2 Àwọn Ọba 5. Nígbà tí Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì, Géhásì sá tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn, ó sì pa irọ́ àwọn àlejò méjì kó lè gba owó àti aṣọ. Ìwà Géhásì yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe eré lónìí, àwọn kan nínú wa yóò ní wọ́n ń bú òun.

Ìyàtọ̀ tí a rí nìyí. Bí aláwàdà bá ń fi ẹ̀tàn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹlẹ́tàn nìkan ló yẹ kó bínú. Bí ó bá ń fi Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò gbọ́ àdúrà, pé orúkọ Jésù kò ní agbára, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì yẹ kí a sọ̀rọ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ àwàdà wòlíì tí a ti wò, ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín ni wòlíì tó ń bèèrè iye owó kó tó ríran, tó ń sọ fún ìyàwó pé ọkọ ló ń dí i lọ́wọ́, tó ń fi ìran wá oúnjẹ ọ̀sán. Míkà 3:11 àti Jeremáyà 23 sọ ohun kan náà láìsí ẹ̀rín. Bí ọmọ ìjọ bá ń rẹ́rìn-ín sí fídíò náà, tó sì ń wo ojú wa lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, kí a bi ara wa léèrè ohun tó rántí.

Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹni tó ti rẹ́rìn-ín sí ìran lẹ́ẹ̀ẹ̀rìnlélógún lè wá rẹ́rìn-ín sí òótọ́ ìran ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. 1 Tẹsalóníkà 5:20-21 gbé ohun méjì pọ̀: kí a má ṣe fojú kéré ìsọtẹ́lẹ̀, kí a sì dán ohun gbogbo wò. Ìjọ tí olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń dán ìsọtẹ́lẹ̀ wò lè wo Woli Agba kó sì jẹun alẹ́. Ìjọ tí a kò kọ́ ni àwàdà máa ń kọ́.

Ohun tó ń darí wọn

Olùṣọ́-àgùntàn tí kò mọ bí owó ṣe ń wọlé fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní lóye ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Google sì rà á ní 2006. Láti 2018, ẹni tó bá fẹ́ máa gba owó ìpolówó lórí fídíò gígùn gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Nínú owó ìpolówó náà, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀, YouTube a mú ìyókù. Láti oṣù Keje 2020, fídíò tó bá pé ìṣẹ́jú 8 lè gba ìpolówó sí àárín. Tẹ́lẹ̀, ó ní láti pé 10. Ẹni tó bá ti ń ṣe kàyéfì nípa àwàdà tó yẹ kó tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ń fà dé mẹ́jọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ìpolówó kò dọ́gba níbi gbogbo. Ẹni tó ń wo fídíò ní Amẹ́ríkà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ń mú owó wọlé ju ẹni tó ń wò ó ní Ore lọ, nítorí pé àwọn olówó ọjà ń san jù láti dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fídíò ní Nàìjíríà kò lè gbára lé YouTube nìkan. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọjà rẹ̀ nínú eré. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà lára àwọn ọjà bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn tó ń wàásù sí tẹ́tẹ́ ní Odígbó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn jù ni ó ti gbọ́ nípa rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ̀rọ tó ń yan fídíò fún ènìyàn kò mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tó ń kà ni ẹni tó tẹ fídíò, bó ṣe pẹ́ nídìí rẹ̀ tó, àti ohun tó wò tẹ̀lé e. Bí arábìnrin kan bá wo ìsọtẹ́lẹ̀ ikú kan lálẹ́ yìí nítorí ẹ̀rù, ẹ̀rọ náà yóò kó ìsọtẹ́lẹ̀ ikú mẹ́wàá dé lọ́la, yóò rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì nípa àwọn tí yóò kó olùkọ́ jọ fún ara wọn nítorí pé etí ń yún wọn, 2 Tímótì 4:3. Nígbà náà, ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde kó tó kó wọn jọ. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ń kó wọn jọ fún un nígbà tó ń sùn. Ohun tí à ń ṣe sí èyí ní ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ni pé a máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ ṣí fóònù wọn, kí wọ́n ka àkọlé fídíò mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí YouTube gbé wá fún wọn. Kì í pẹ́ tí gbogbo kíláàsì yóò fi dákẹ́. Ẹni kan rí oúnjẹ àti bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn rí àjẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kámẹ́rà inú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa

Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n àwa náà ti di ẹni tó ń ṣe fídíò. Kò sí ìjọ tó kéré jù tí kò ní ọ̀dọ́ kan tó ń gbé fóònù sókè nígbà ìsìn, tó ń fi ránṣẹ́ sórí Facebook. Ohun tó sì ń fa àwọn olùwò jù ni ìdáǹdè: ẹni tó ń yí nílẹ̀, ẹni tó ń jẹ́wọ́, ẹni tó ń pariwo orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí. Arábìnrin kan wá láti oko, inú rẹ̀ bàjẹ́, kò rọ́mọ bí. Lákòókò àdúrà, ó ṣubú, aṣọ rẹ̀ ká, ó sọ ohun tí kò ní sọ bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀. Kámẹ́rà gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kan, fídíò náà ti dé Ore, ó ti dé Òkìtìpupa. Ọlọ́run lè fún un lọ́mọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò lọ sílé ìwé, ẹnìkan ní kíláàsì yóò sì ṣí fóònù.

Ìwé Ìhìnrere Máàkù fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀. Jésù mú adití náà kúrò láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó fọwọ́ kàn án, Máàkù 7:33. Ó mú afọ́jú dé ẹ̀yìn ìlú kó tó ṣí i lójú, 8:23. Ní ilé Jáírù, ó lé gbogbo ènìyàn jáde, ó ku àwọn òbí àti ọmọ ẹ̀yìn mẹ́ta, 5:40. Ó sọ fún adẹ́tẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, 1:44. Àwọn olùkọ́ ti ṣàlàyé èyí lọ́nà púpọ̀, a kò sì ní tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ níhìn-ín. Ohun kan dájú: Olúwa kò fi ara ẹni tó ń ṣàìsàn pe ọjà.

Ẹnìkan yóò bi wá nípa ọkùnrin tí ó ní ẹgbẹ́ ẹ̀mí èṣù, Máàkù 5:19. Olúwa rán òun lọ láti lọ ròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí náà wà. Òun fúnra rẹ̀ ni Olúwa rán. Ó ti wọ aṣọ, iyè rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ ẹ̀yìn kankan tó gbé ìtàn ìhòòhò rẹ̀ ní ibojì káàkiri Dekápólì ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run wò sàn ló ni ẹ̀rí, kì í ṣe ìjọ tí wọ́n ti wò ó sàn.

Ìjọba pàápàá ti sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹrin 2004, àjọ NBC pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n má ṣe gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí sáfẹ́fẹ́. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà. Ní 2023, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn jáde ní Nàìjíríà, ohun tó sì kan ìlera àti ìgbàgbọ́ ènìyàn wà lára ohun tí òfin náà ṣọ́ jù. Àwọn tó ni ìkànnì náà ní òfin tiwọn. Ní oṣù Kẹrin 2021, YouTube ti ìkànnì Emmanuel TV ti T. B. Joshua, ọmọ Àrìgìdì Àkókó ní ìpínlẹ̀ wa yìí, nígbà tí olùtẹ̀lé rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 1.8. Wọ́n ní àwọn fídíò kan níbẹ̀ rú òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni ìbáà rò nípa iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà, ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kì í bá onílẹ̀ jiyàn pẹ́.

Ohun tí a ń dámọ̀ràn fún àwọn ìjọ tó wà ní agbègbè yìí kò le. Kí kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àdúrà ìdáǹdè bá bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, kí a bi í níkọ̀kọ̀ bóyá ó fẹ́ kí a ya òun. Ọmọdé kò lè fún wa láṣẹ. Òbí rẹ̀ ni a ó bi, a ó sì tún wo ojú ọmọ náà. Bí ẹni náà bá ní ká yọ fídíò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí a yọ ọ́ láìjẹ́ pé ó kúnlẹ̀ bẹ̀ wá.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn àwàdà nínú ìjọ, a kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ládiípọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Kí olùṣọ́-àgùntàn pè wọ́n jókòó, kí ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe, kó rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín bá wà, kó sì sọ ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀dọ́ tó mọ̀ pé olùṣọ́-àgùntàn òun ń wo fídíò òun yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba owó tẹ́tẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkànnì ìjọ fúnra rẹ̀, tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé olùṣọ́-àgùntàn lọ sí ibòmíràn. Ọ̀dọ́ kan ló ṣí i pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀, ọ̀dọ́ náà ti lọ sí Èkó, olùṣọ́-àgùntàn tó ń lọ sọ pé òun ni àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé, ìjọ sọ pé orúkọ ìjọ ló wà lórí rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ pinnu rẹ̀ kí a tó gbé fídíò àkọ́kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé: orúkọ ta ni, ímeèlì wo, àpò báńkì wo ni owó ń wọ̀ bí owó bá wọlé, nọ́ḿbà fóònù ta ni. Nọ́ḿbà yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni Google ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nígbà tí ẹnìkan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí síìmù náà bá já bọ́ sínú oko kòkó, ìkànnì ìjọ lè bá a lọ.